Arìngbẹ̀rẹ̀ Tí Ìjọba Ń Wá

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko rìn láti ẹnu mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, tí ọ̀nà ọ̀hún kò sì ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ, ẹ má ṣe kẹ́dùn pé orúnkún ń dà á láàmú. Orúnkún kọ́ ló ń dùn ún, ipò ló ń gùn ún. Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí Oyèdọ̀tun nìyẹn, ọmọ bíbí Ìlá-Ọ̀ràngún, tí àwọn sójà fi ṣe ọ̀gá lọ́dún 1998 lórí ẹ̀ka ìjọba kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Orúkọ ẹ̀ka náà sì gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ: Ẹ̀ka Ìṣọ́ra Lórí Ìròyìn Inú Ẹ̀rọ àti Ìwà Àwọn Tí Ń Wò Ó. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ ọ́ tán sára pátákó, ọ̀dà ti tán, ìdí nìyí tí “Wò Ó” fi dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹfun.

Ọmọ ọdún méje ni Olúsọjí nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Kàdúná. Ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nílé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ kan, níbi tó ti ń ṣọ́ ìgbálẹ̀ àti korobá. Kò sí ìgbálẹ̀ kan tó sọnù lójú rẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ jù nídìí ìgbálẹ̀, tí a bá wá fi èèyàn síkàáwọ́ rẹ̀, yóò fẹ́ kí àwọn náà dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀ wọn a tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, òun a sì máa kọjá níwájú wọn gẹ̀rẹ̀ gẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbádá tí sítáàṣì ti sọ di pákó. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni náà gbọ́dọ̀ wí pé, “Ojú yín ni ìlú fi ń ríran, sà.” Òun a dáhùn pé, “Mo gbọ́. Mo sì rí.” Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀ yóò tún un wí. Akọ̀wé kan tí òtútù mú lọ́jọ́ kan, ìgbà mẹ́fà ló wí i kí ó tó gba àṣẹ láti wọlé lọ wúkọ́.

Nínú agboolé tí wọ́n ti bí i, Ilé Olókùúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ibẹ̀ láti ọjọ́ tó ti padà dé. Ó ní eruku ibẹ̀ kò mọyì sítáàṣì.

Ṣé ẹ wá rí i, iwájú Ilé Olókùúta yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Babáyẹmí, ọmọ ilé náà tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló gbé kọ̀ǹpútà kan wálé, ó fa wáyà tẹlifóònù sí i, ó sì gbé e sí yàrá iwájú ilé ìyá rẹ̀. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é. Bí iná bá wà, tí òjò kò sì rọ̀, ẹ̀rọ náà a ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù, a fi tẹlifóònù pe Ìbàdàn, íńtánẹ́ẹ̀tì a sì ṣí. Ayé wá ń wọ Ìlá láti ojú fèrèsé kékeré yẹn. Bàbá Sàlámì, tí kò lówó àtilọ sí Mẹ́kà, a máa wá wo Káábà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, omi a sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wo èsì bọ́ọ̀lù. Ìyádùnní, ìyá Babáyẹmí fúnra rẹ̀, a máa ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Kọ́lájọ, olùkọ́ kan nínú agboolé náà, ló ń bá àwọn àgbà tẹ lẹ́tà wọn lẹ́yìn tó bá ti ti ilé-ìwé dé. Kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣe ìlú lóore láìgba kọ́bọ̀, ẹ mọ̀ pé ìjọba ò ní í pẹ́ fura sí i.

Olúsọjí lọ sí ìpàdé kan ní Òṣogbo, ó sì gbọ́ níbẹ̀ pé àwọn kan tó sá lọ sí òkè òkun ń bú ìjọba sójà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ara àwọn ọ̀gá kò sì balẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò dúró jẹun. Láti ìgbà tó ti gorí àga yẹn ló ti ń wá ohun tí yóò máa ṣọ́. Ó pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀.

“Íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ilẹ̀kùn,” ó wí, ó sì dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́. “Ìjọba tí kò bá mọ ẹni tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, kò ní í mọ ẹni tó ń gbé àga jáde. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọ̀gágun kan ti bọ̀ mí lọ́wọ́ rí, tó gbàgbé láti fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó níwájú ẹ̀rọ yẹn, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó kọ ohun tó wò, a ó kọ bó ṣe wò ó. A ó kọ olówó, a ó kọ tálákà. Bó ṣe èmi fúnra mi ni mo bá jókòó síbẹ̀, ẹ kọ mí.”

Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi pọ́n.

Àwọn òfin rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọn gbọ́dọ̀ kọjú kọ̀ǹpútà sí títì kí ìjọba lè máa rí i tó bá ń kọjá. Wọn kò gbọdọ̀ ta aṣọ sójú fèrèsé. Lẹ́tà tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀rọ náà láìsọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ta ni yóò wá máa kọ ọ́? Ó ní Fúnminíyì ni. Ọmọ Ìrèsì ni Fúnminíyì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyàwó Kọ́lájọ olùkọ́. Nítorí pé ó jẹ́ ìyàwó Ilé Olókùúta ni Olúsọjí ṣe gbà á síṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó rò pé ẹni tó ń gbá àgbàlá ni yóò mọ ibi tí ìdọ̀tí wà. Ó fún un ní ìwé ńlá kan àti bíró pupa, ó sì ní kí ó lọ jókòó sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ni Bàbá Sàlámì. Fúnminíyì kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, ó ṣí ìwé, bíró sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Gbogbo ẹni tó bá nílé kí ó tó wọlé ọkọ, àgbà ni o, èwe ni o, kódà ọmọ ọwọ́ tó ń rá lórí ẹní, ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó máa ń wá orúkọ tó dùn fún wọn ni. Fúnminíyì rò ó wò bóyá kíkọ kì í ṣe pípè. Ó rí i pé ẹni tó bá kà á yóò pè é, ọwọ́ òun ló sì máa ti wá. Bàbá Sàlámì, tí eyín méjì péré kù lẹ́nu rẹ̀, Eyínfúnjowó ni òun ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ojú ewé méjì ti kún: Eyínfúnjowó wo Káábà fún ogún ìṣẹ́jú, ó sunkún. Adúmáadán wo bọ́ọ̀lù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní gólì ló pa òun lẹ́rìn-ín. Ìdílẹ̀kẹ̀ ń wá ilé-ìwé ní Kánádà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bèèrè iye tí wọ́n ń ta kòkó, kò sì gbà á gbọ́.

Olúsọjí ka ìwé náà tán, ó dìde dúró. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tún un kà lórí ìdúró.

“Wọ́n ti fi orúkọ bo orúkọ,” ó wí jẹ́ẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Ó ní eyín jẹ́ ohun ìjà, funfun jẹ́ àlàáfíà ẹ̀tàn, owó sì jẹ́ owó tó ń wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀daràn náà fi ń wo Mẹ́kà. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nídìí ohun ìjà kan ni wọ́n ń sọ, àwọn ọta ìbọn tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀.

Fúnminíyì kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwa ìyàwó ilé la máa ń...”

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. “Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ilé lò ń sọ. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè là ń sọ níbí.”

Ó dìde, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan nínú yín ti ń bi mí pé, ṣé ọmọ Yorùbá yìí kò mọ orúkọ tí ìyàwó ilé ń pe èèyàn ni? Ó yẹ kó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kúrò nílé lọ́mọ ọdún méje, tí ìyàwó tó fẹ́ ní Kàdúná ń pè ní Dádì, tó sì padà dé tí kò yà kí ẹnikẹ́ni nínú ilé, níbo ni yóò ti gbọ́ ọ? Kí n má sì purọ́ fún yín, ìmọ̀ méjì ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà: èyí tí yóò mú kí wọ́n rẹ́rìn-ín, àti èyí tí yóò mú kí Òṣogbo yìn ín. Èwo ni ẹ̀yin rò pé yóò mú?

Ó fi fáìlì ránṣẹ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa mẹ́ta. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́tà ìdúpẹ́ dé láti Òṣogbo, ìlà mẹ́rin péré. Ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa kí i bí wọ́n bá ń kọjá. Wọ́n sì ń kí i. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àwọn tó gboyè jáde ní yunifásítì wà lára wọn, tí wọ́n ń tẹrí ba fún bébà.

Ìlú ní tiwọn kò kí bébà. Bàbá Sàlámì kò wá mọ́. Ó ní òun kò lè máa wo Ilé Ọlọ́run kí ìjọba jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Àwọn kan, bí wọ́n bá dé iwájú kọ̀ǹpútà, wọn a kọ́kọ́ kí i pé, “Ìjọba, ẹ kú iṣẹ́ o, àwa kò rí nǹkan kan sọ.” Àwọn míì padà sí fífún dẹ́rẹ́bà Èkó ní lẹ́tà, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ lẹ ẹnu lẹ́tà náà pa, nítorí pé dẹ́rẹ́bà, bó bá tilẹ̀ tú u kà, kì í kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Òṣogbo.

Ti Ìyádùnní ló burú jù. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní kí Kọ́lájọ bá òun sọ fún Babáyẹmí pé ìbàdí òun ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni òun kò ti lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, kí ó bá òun wá dókítà, kí ó má sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀dà lẹ́tà náà dé ọ́fíìsì. Olúsọjí fúnra rẹ̀ ló dìde kà á sókè nínú ìpàdé, níwájú òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án àti àlejò méjì, láti bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ìtọ̀ yìí kì í ṣe omi ìjà kan. Fúnminíyì wà níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀ títí ìpàdé fi parí. Ìyádùnní gbọ́ ọ kó tó di àṣálẹ́, nítorí àwọn àlejò méjì yẹn lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá náà ń gbà wọ ilé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Arìngbẹ̀rẹ̀ fún yín.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́rin, Olúsọjí a wá sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, a lé gbogbo èèyàn jáde àyàfi Fúnminíyì, a sì ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní kí Fúnminíyì tẹ orúkọ òun. Fúnminíyì ní ìka ń dun òun, nítorí pé ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá náà. Olúsọjí fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Íńtánẹ́ẹ̀tì ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó rò ó pé àwọn ọ̀tá ló fi orúkọ òun pamọ́ sáàárín èébú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àwọn tó ń bú ìjọba nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ojú ewé lé ojú ewé, ó ń wá ibi tí wọ́n ti bú òun. Wọ́n bú ọ̀gágun. Wọ́n bú kọmíṣánnà. Wọ́n bú dẹ́rẹ́bà kọmíṣánnà. Wọn kò dárúkọ Olúsọjí Oyèdọ̀tun. Ó dùn ún dé egungun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní kí Fúnminíyì bá òun wá àdírẹ́sì tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí.

Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ ẹnikẹ́ni, kódà bó ṣe òun ni. Fúnminíyì kọ ọ́: ọjọ́, aago, èébú tó kà, àti lọ́tìrì Amẹ́ríkà tó ń wá. Orúkọ tí gbogbo ìyàwó Ilé Olókùúta sì ń pè é lẹ́yìn, nítorí ìrìn rẹ̀, Arìngbẹ̀rẹ̀ ni. Ó rò pé bí ọ̀gá bá kà á, yóò mọ ara rẹ̀, ojú yóò tì í, ọ̀rọ̀ yóò sì tán.

Ọ̀gá kà á, kò mọ ara rẹ̀. “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin,” ó wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Èmi gan-an wà níbẹ̀! Ó jókòó tì mí!”

Ó kọ ìròyìn ojú ewé mẹ́sàn-án sí Òṣogbo lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú olórí àwọn ọ̀tá ìjọba, Arìngbẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí, pé òun gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ìtumọ̀ orúkọ náà ni ọ̀tẹ̀ tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun fojú díwọ̀n rẹ̀: ó ga tó ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó ní láákàyè, ó sì rẹwà níwọ̀nba.

Òṣogbo kò fi lẹ́tà dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní ọ̀gá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú jíìpù láti wá gbé Arìngbẹ̀rẹ̀, kí Olúsọjí fà á lé òun lọ́wọ́ níwájú ìlú.

Níbí ni agbádá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Olúsọjí kò mọ Arìngbẹ̀rẹ̀. Ó ronú ọjọ́ méjì, ó sì rí ẹnì kan tó ga tó ẹsẹ̀ mẹ́fà, tó ní láákàyè, tó sì mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Ó pe Fúnminíyì wọlé, ó fi àga lọ̀ ọ́, èyí tí kò ṣe rí.

“Kọ́lájọ ni,” ó wí. “Mo ti kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, màá pè ọ́, wàá dìde, wàá nawọ́ sí i pé òun ni Arìngbẹ̀rẹ̀. Ìwé rẹ ni ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa fi ọ́ ṣe igbákejì mi.”

Fúnminíyì ní ọkọ òun kọ́. Ọ̀gá ní ta wá ni? Bó ṣe fẹ́ la ẹnu, ó rí i lójú rẹ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ nínú yàrá yìí, ìwé ńlá yẹn yóò jóná kí ilẹ̀ tó ṣú, Kọ́lájọ náà yóò sì wọ jíìpù lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn tí jíìpù irú yẹn gbé láyé ìgbà náà, òmíràn wà tí ìyá rẹ̀ kò tíì rí i dòní.

“Mo gbọ́, sà,” ó wí.

Lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Kọ́lájọ àti Ìyádùnní. Kọ́lájọ ní òun á gba Òkè-Ìlá sá lọ sí Ìbàdàn. Ìyádùnní, tó ń ṣa ẹ̀fọ́, kò gbójú sókè.

“Bí o bá sá, o ti di Arìngbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jókòó.” Ó já ewé kan, ó tún já òmíràn. “Olúsọjí dé láti ọjọ́ yìí, kò wá kí wa, àwa náà kò sì lọ kí i. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ ká lọ kí ọmọ wa.”

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbọ̀ngàn kún, nítorí pé ẹni tí kò bá wá, wọ́n ní wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá láti Òṣogbo jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá, ọkùnrin pẹ́lẹ́bẹ́ kan tí kò sọ̀rọ̀, tó sì gbé fáìlì lé orúnkún. Kọ́lájọ dúró láàárín ọlọ́pàá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn kò tíì so ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Olúsọjí dìde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó pe Arìngbẹ̀rẹ̀ ní ejò, ó pè é ní ikán, ó pè é ní òjò àìròtẹ́lẹ̀ tó pa ẹ̀wù sísá. Ó ní ọ̀lẹ ni, tí kì í ṣe iṣẹ́ kankan bí kò ṣe kó jókòó fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó máa ka èébú ìjọba pẹ̀lú adùn. Ó ní ojo ni, tó ti ń wá ọ̀nà àtisá lọ sí Amẹ́ríkà.

“Ẹ má ṣàánú rẹ̀,” ó kígbe. “Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi, ẹ gbé e. Bó bá sunkún, ẹ má gbọ́. Bó bá ní òun mọ ènìyàn ní Òṣogbo, irọ́ ló ń pa. Fúnminíyì, dìde. Fi Arìngbẹ̀rẹ̀ han ìjọba.”

Fúnminíyì dìde. Gèlè rẹ̀ ti fẹ́ tú. Ó rìn dé iwájú Kọ́lájọ, ó wò ó, ó kọjá. Ó rìn lọ sí orí pèpéle, ó dé iwájú Olúsọjí, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀.

“Arìngbẹ̀rẹ̀, ọkọ mi,” ó wí, “ẹ kú ìdúró. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.”

Kí Olúsọjí tó mi, àwọn ìyàwó Ilé Olókùúta mẹ́tàdínlógún dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Arìngbẹ̀rẹ̀, ẹ kú ìdúró o. A kò rí yín nílé.”

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ní ìlà kẹta, ó rántí òfin, ó sì bo ẹnu.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá gbójú sókè nínú fáìlì. Inú agboolé ni wọ́n ti tọ́ òun náà dàgbà, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í kọ ohun tó yé e sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ló ń kọ. Ó bi Fúnminíyì pé, “Kí ni orúkọ ọkùnrin yìí gan-an?”

“Ẹ máà bínú, sà. Ọmọ ilé ọkọ mi ni. N kò lè pè é lórúkọ.”

“Ta ló lè pè é?”

Ìyádùnní rọra dìde láàárín ìlú, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. “Èmi ni,” ó wí. “Mo ti wà nílé kí wọ́n tó bí i. Ọwọ́ mi ni wọ́n gbé e lé lọ́jọ́ ìkómọ, ó sì tọ̀ sí mi lára. Olúsọjí ni orúkọ rẹ̀. Olúsọjí, ọmọ Oyèdọ̀tun.”

Akọ̀wé ọ̀gá Òṣogbo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà náà ni Olúsọjí rí ohùn. Ó ní eré ni, ó ní orúkọ tí àwọn obìnrin ilé fi ń ṣàwàdà ni, pé gbogbo ilé ló ní irú rẹ̀, pé Eyínfúnjowó jẹ́ bàbá arúgbó kan tí kò léyín, pé kò sí ọ̀tẹ̀, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí nǹkan kan. Òógùn ti gba sítáàṣì lára agbádá, ó ti rọ̀ mọ́ ọn lára bí aṣọ ìnura. Fúnminíyì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí òun ti fẹ́ ṣàlàyé fún un láti oṣù méjì sẹ́yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá ṣí fáìlì. “Ẹ ti túmọ̀ orúkọ náà fún wa, sà, ní ojú ewé kẹta. Ní ojú ewé karùn-ún, ẹ jẹ́rìí pé ẹ wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Ta ló tún wà níbẹ̀?”

“Èmi... èmi àti ìyàwó yìí nìkan.”

“Ẹ ní ó ga tó ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ṣánṣán.” Ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ti pé ó rẹwà, a ó fi sílẹ̀ fún ìwádìí.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́.

“Ẹ mọ̀ pé èmi kọ́,” Olúsọjí wí pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Mo mọ̀,” ni Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá dá a lóhùn, ó sì ń di fáìlì. “Ṣùgbọ́n fáìlì yín ti dé Àbújá, sà. Fáìlì kì í lọ kó padà wá lọ́wọ́ òfo. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.”

Ọlọ́pàá tó ní okùn lọ́wọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ́lájọ.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ti Olúsọjí mọ́lé. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án kò lọ wò ó. Ọ̀gá tuntun ti dé, wọ́n ti ń kọ́ bí wọn yóò ṣe máa kí ìyẹn. Ilé Olókùúta ló ṣèpàdé, Kọ́lájọ tó yẹ kó wọ jíìpù ló wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo láti ṣe onídùúró fún un. Ó ní kì í ṣe nítorí pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá fi ẹni tó ń jẹ wá níyà sílẹ̀ sínú ìyà tí kò lẹ́jọ́, ó ní, àwa náà ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ nìyẹn. Fúnminíyì kò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Ìwé ńlá yẹn ṣì wà ní Òṣogbo títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, pẹ̀lú omijé Bàbá Sàlámì nínú rẹ̀. N kò mọ ẹni tó ń kà á. Ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Nígbà tí Olúsọjí dé, kò lọ sí ilé ìjọba, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá sí Ilé Olókùúta pẹ̀lú bùbá kan ṣoṣo, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú Ìyádùnní, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ àforíjìn tí yóò bẹ́tọ̀ọ́ mu, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ló gùn jù.

“Ìbàdí ọ̀hún ti sàn díẹ̀,” ìyá náà wí. “Babáyẹmí ti mú mi lọ rí dókítà. Bí o bá fẹ́ mọ̀, Olúsọjí, o ò bá ti wá bi mí.”